Ìdáhùn fún ìyá ìyàwó tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ọrùn

Àbúrò mi, ẹ kú ìmúra ìgbéyàwó o. Mo fara balẹ̀ ka ìbéèrè yín. Ẹ ní ẹni ọdún 52 ni yín, ní Òkè-Àdó ní Ìbàdàn níbí, pé ẹ ti dín sísanra kù láti bí ọdún méjì ṣùgbọ́n abẹ́ àgbọ̀n yín kò bá ara yòókù lọ, àti pé dókítà kan ní Èkó ti sọ fún yín pé fífa ọ̀rá nìkan kò ní tó, deep neck lift, ìyẹn iṣẹ́ abẹ tó wọ abẹ́ iṣan ọrùn lọ, ni yóò yanjú rẹ̀. Ẹ wá fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa ń dunni, ọjọ́ mélòó ni ẹ óò lò nílé, àti bóyá ẹ lè ṣe é báyìí kí ó ti jiná kí ìgbéyàwó ọmọ yín tó kò, èyí tó ku ọ̀sẹ̀ méje. Èyí tó kẹ́yìn ni n ó kọ́kọ́ dáhùn nítorí òun ló ń kán yín lójú: ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ìgbéyàwó kọjá ná. Iṣẹ́ abẹ náà dára, bí wọ́n bá dá mi padà sẹ́yìn n ó tún ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni abẹ ti kan abẹ́ àgbọ̀n tèmi yìí, ní 2019 àti ní 2022, ti ẹ̀ẹ̀kejì sì jẹ́ láti tún ohun tí ti àkọ́kọ́ bà jẹ́ ṣe. Owó àti ẹ̀jẹ̀ ni mo fi ra ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ohun tí kò yé mi ní 2019 ni pé ọrùn ju awọ àti ọ̀rá lọ. Lábẹ́ awọ ni ọ̀rá àkọ́kọ́ wà. Lábẹ́ ọ̀rá yẹn ni iṣan pẹlẹbẹ kan wà tó tẹ́ bí aṣọ láti òkè àyà dé egungun párì, tí wọ́n ń pè ní platysma. Lábẹ́ iṣan yẹn ni ọ̀rá mìíràn tún sá pamọ́ sí, pẹ̀lú iṣan kékeré méjì tó sùn gbọọrọ lábẹ́ àgbọ̀n, àti kókó tí ń pèsè itọ́, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ọ̀pá irin oníhò tí wọ́n fi ń fa ọ̀rá kì í kọjá ìpele àkọ́kọ́, abẹ́rẹ́ tí ń yọ́ ọ̀rá abẹ́ àgbọ̀n, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2015, kò sì wà fún èyí tó wà lábẹ́ iṣan, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fa awọ tó ti ń jò mọ́ra. Bí ohun tó mú kí ọrùn yín kún bá wà lábẹ́ iṣan, ẹ lè fa ọ̀rá òkè títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ẹni tí ẹ ń wá kò sí nílé. Nínú deep neck lift, wọ́n á la abẹ́ àgbọ̀n ní ìwọ̀n bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí mẹ́rin, wọ́n á wọ abẹ́ iṣan náà lọ, wọ́n á dín ohun tó bá pọ̀ jù níbẹ̀ kù, wọ́n á wá pa etí platysma ti ọ̀tún àti ti òsì pọ̀ ní àárín, wọ́n á sì rán an, bí wọ́n ṣe ń pa etí aṣọ òkè pọ̀ kí ó tó di ìró. Bí awọ bá ṣẹ́kù púpọ̀, wọ́n á tún là díẹ̀ lẹ́yìn etí láti fà á.

Ní ibi tí mo kọ́kọ́ lọ, tí n kò ní dárúkọ, ọkùnrin tó gbà mí kò fọwọ́ kan ọrùn mi kí ó tó sọ iye owó. Láti òdì kejì tábìlì ló ti wò mí, tó ní ọ̀rá lásán ni, wákàtí kan ti tó. Ó fa ọ̀rá òkè náà gbẹ pátápátá. Nígbà tó di oṣù kẹta tí wíwú lọ tán, àárín ọrùn mi ti jin, iṣan méjì sì le gbandi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò náà. Ọrùn tòlótòló ni mo ní tẹ́lẹ̀. Mo wá fi owó ara mi ra ọrùn adìyẹ tí wọ́n ti tu níyẹ̀ẹ́.

Dókítà kejì kò tilẹ̀ jókòó. Ó fi àtàǹpàkò àti ìka kan mú ẹran abẹ́ àgbọ̀n mi, ó ní kí n ti eyín òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀, kí n sì fa igun ẹnu mi méjèèjì wálẹ̀ bí ọmọdé tó fẹ́ ké. Bí mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ ni ẹran náà yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ẹ rí i, mọ́mì, ohun tó kù ti sá sábẹ́ iṣan.” Ó ní kí n tẹrí wo ilẹ̀, ó fìka wá kókó itọ́ lábẹ́ párì, ó tún wá egungun kékeré tó wà lókè gọ̀gọ̀ǹgọ̀, ó sì sọ fún mi láìfi bò pé tèmi wálẹ̀ díẹ̀, nítorí náà igun ọrùn mi kò lè mú ṣáká bíi ti ọmọ ogún ọdún láé. Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n fọkàn tán an. Ẹ jẹ́ kí dókítà yín ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ fún yín, kí ẹ sì bi í pé kí ni yóò mú kúrò gan-an. Lórí kókó itọ́, àwọn dókítà fúnra wọn kò fẹnu kò. Àwọn kan máa ń gé lára rẹ̀ bí ó bá yọ sísàlẹ̀, àwọn mìíràn ní ewu rẹ̀ ju èrè rẹ̀ lọ, nítorí bí ẹ̀jẹ̀ bá dà níbẹ̀, ibẹ̀ jìn, ó sì sún mọ́ ọ̀nà ọ̀fun, itọ́ sì lè máa jò sábẹ́ awọ lẹ́yìn náà. Mo ní kí wọ́n fi tèmi sílẹ̀. Ó ṣì yọ díẹ̀ lọ́tùn-ún títí dòní, kò sì dí mi lọ́wọ́ kankan.

Kí wọ́n tó ṣe é, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n wo ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti bí ọkàn ṣe ń lù. Wọ́n kọ ohun tí n kò gbọdọ̀ lò fún ọ̀sẹ̀ méjì sínú ìwé fún mi: aspirin, ibuprofen, vitamin E, òróró ẹja, àgúnmu aáyù, àti àgbo èyíkéyìí. Sìgá kò kàn mí, ṣùgbọ́n bí ó bá kàn yín, ẹ gbọ́dọ̀ ti jáwọ́ ó kéré tán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú, nítorí ó lè jẹ́ kí awọ kú. Mo pa gbogbo rẹ̀ mọ́ àfi ọ̀kan. Ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, orí fọ́ mi, mo sì da oògùn oníyẹ̀fun inú nylon kékeré yẹn, èyí tí gbogbo wa ń lò láti kékeré, sẹ́nu. Kò wá sí mi lọ́kàn pé aspirin ló wà nínú rẹ̀, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ abẹ náà gbà ju wákàtí mẹ́ta lọ, wọ́n sì kùn mí lóorun pátápátá. Mo jí pẹ̀lú rọ́bà tín-ín-rín tí ń fa omi ẹ̀jẹ̀ jáde lẹ́yìn etí àti báńdéèjì tó gbá mi lágbọ̀n dé àtàrí. Ara tu mí, mo tilẹ̀ ń bá ọmọ mi obìnrin ṣàwàdà. Ní nǹkan bí aago méjì òru, mo kíyè sí i pé apá òsì ọrùn mi ń dùn mí ju ọ̀tún lọ. Mo rò pé bí wọ́n ṣe dè é ni. Ọmọ mi fọwọ́ kàn án, ó ní, “Mọ́mì, ibí yìí ti le bí òkúta,” ó sì pe nọ́ọ̀sì. Kí dókítà tó dé, ó ti ń ṣòro fún mi láti gbé itọ́ mì. Ẹ̀jẹ̀ ló ti dà tó sì dì sábẹ́ awọ. Wọ́n gbé mi padà sí tíátà lóru ọjọ́ náà, wọ́n tú rírán, wọ́n kó ẹ̀jẹ̀ náà jáde, wọ́n sì dí ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún àkọ́kọ́ ni irú èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò rọlẹ̀ sì máa ń dá kún un. Bó bá jẹ́ pé ilé ni wọ́n ní kí n lọ sùn ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, tàbí pé ilé ìwòsàn náà kò ní dókítà tó lè kunni lóorun ní aago mẹ́ta òru, bóyá ẹlòmíràn ni ì bá máa dá yín lóhùn. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè iye owó, ẹ béèrè ta ni yóò wà níbẹ̀ lóru, ta ni yóò sì ṣí tíátà.

Ní ti ìrora, bí ẹni fi ọ̀já gbá mi lọ́rùn ni ó rí, ó fún ju bó ti ń dun lọ, oògùn tí wọ́n kọ fún mi sì ká a. Ohun tó ni mí lára ni ooru. Oṣù Kẹta ni mo ṣe é, báńdéèjì wà lágbọ̀n tọ̀sán tòru fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà lóru nìkan fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i, bí iná bá sì lọ, ẹkún ló kù. Ìrọ̀rí mẹ́ta ni mo fi ń gbé orí sókè sùn. Ògì, mọ́ínmọ́ín rírọ̀ àti àmàlà pẹ̀lú ewédú ni mo ń jẹ. Ẹran di ọ̀sẹ̀ kejì. Wọ́n yọ okùn abẹ́ àgbọ̀n ní ọjọ́ kẹfà. Ẹ má ṣe gbà kí wọ́n fi ọkọ̀ gbé yín gba márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní ọjọ́ kejì. Ilé àbúrò mi ní Yábàá ni mo sùn sí di ọjọ́ kẹsàn-án, tí mo wá wọ ọkọ̀ ojú irin dé Mọ́níyà, kò sì sí kòtò kankan tó mì mí lọ́rùn.

Ẹ wá gbọ́ ìdí tí mo fi ní ọ̀sẹ̀ méje kò tó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo lè lọ sí ọjà Bódìjà kí ẹnikẹ́ni má wò mí lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ètè ìsàlẹ̀ mi lápá ọ̀tún kò wálẹ̀ bí mo bá rẹ́rìn-ín. Fọ́nrán tín-ín-rín kan tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí iṣan, tí òyìnbó ń pè ní nerve, ló ń darí ibẹ̀, ó gba etí párì kọjá, ó sì máa ń rẹ̀ ẹ́ bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ nítòsí rẹ̀. Ó sábà máa ń padà bọ̀ sípò, tèmi gba ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ní gbogbo ìgbà yẹn ni ògì ń jò ní igun ẹnu mi. Ẹ fojú inú wo fọ́tò ìyá ìyàwó pẹ̀lú ẹ̀rín tó wọ́. Abẹ́ àgbọ̀n mi kò mọ ìfọwọ́kàn fún oṣù márùn-ún, bẹ́ẹ̀ ẹ ó fi iyùn tó wúwo sọ́rùn ní ọjọ́ yẹn láti àárọ̀ dé alẹ́, ó lè bó yín lára kí ẹ má mọ̀. Gèlè náà ńkọ́? Ẹ̀yìn etí gan-an tí wọ́n là ni àwọn tí ń wé e máa ń fà le jù.

Lẹ́yìn etí yẹn ni kẹ́lọ́ìdì mi, ìyẹn àpá tó ń wú kọjá ojú egbò, ti yọ. Ó di oṣù kẹrin kí àpá ọ̀tún tó bẹ̀rẹ̀ sí yún mi, ó ga, ó sì ń dán. Abẹ́rẹ́ steroid ẹ̀ẹ̀mẹrin, tó fi bí oṣù kan jìnnà síra, ló mú un rọlẹ̀, ó sì dunni ju iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ lọ. Àwa aláwọ̀ dúdú ni ó ń bá jà jù. Ẹ wo ibi tí wọ́n lu etí yín, ẹ wo àpá abẹ́rẹ́ àjẹsára apá yín, ẹ bi ìyá yín àti àwọn ọmọ ìyá yín. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ní àpá tó wú kọjá ààyè ara rẹ̀, ẹ sọ fún dókítà kí ó tó mú abẹ, kí ó lè rò ó bóyá abẹ́ àgbọ̀n nìkan ni kí ó là.

Ní ti ẹni tí yóò ṣe é, ẹ béèrè nọ́ńbà rẹ̀ ní MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, àti ìwé àṣẹ ọdún yìí, ẹ sì béèrè bóyá plastic surgery, iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara, ni ó kọ́ gan-an títí tó fi gba fellowship, ìwé ẹ̀rí dókítà àgbà, ti West African College of Surgeons tàbí ti National Postgraduate Medical College. Kóòtù funfun àti fọ́tò inú Instagram kì í ṣe ìwé ẹ̀rí. Ẹ̀ka plastic surgery wà ní ilé ìwòsàn UCH lọ́dọ̀ wa níbí, ẹ lè gbọ́ èrò kejì níbẹ̀ kí ẹ tó tún lọ sí Èkó. Ìṣèdúró ìlera kì í san owó iṣẹ́ abẹ ẹwà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ owó dókítà, ti oorun, ti tíátà, ti ibùsùn àti ti oògùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì fi owó mìíràn pamọ́ fún àpadàsí tíátà, nítorí wọn kò fi tèmi mọ́ iye àkọ́kọ́.

Fún ọjọ́ ìgbéyàwó, ẹ ní kí télọ̀ yín gbé ọrùn bùbá náà sókè díẹ̀, kí iyùn sì jókòó sórí aṣọ. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá ṣì fẹ́ ẹ, inú ọyẹ́ ni kí ẹ ṣe é, ooru kò ní pa yín lábẹ́ báńdéèjì. Bí ẹ bá padà lọ bá dókítà Èkó yẹn kí ó tó dìgbà náà, ẹ jẹ́ kí ó mú ẹran abẹ́ àgbọ̀n yín bí mo ti ṣàlàyé, kí ẹ sì sọ ohun tó ní ó bá níbẹ̀ fún mi.