Oko àpẹẹrẹ ẹ̀wà: ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ tún ṣírò rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo kà á pé ní Íńdíà, oko àpẹẹrẹ tí wọ́n ń dá sínú oko àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ló jẹ́ kí ẹ̀wà chickpea wọn máa so dáadáa. Ṣé a lè gbìn ín níhìn-ín?
*Àgbẹ̀ kan, ojú ọ̀nà Ọ̀dá, Àkúrẹ́*

Ìdáhùn: Rárá o. Chickpea kò fẹ́ òjò lásìkò tó bá ń tanná. Oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá ni wọ́n ń gbìn ín ní Íńdíà, nígbà tí òjò ti lọ. Omi tó kù nínú ilẹ̀ ló fi ń dàgbà, nínú òtútù. Òjò àti ooru tiwa á kó àrùn bá a kó tó so.

Ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ ni kí ẹ mú. Àwọn ibùdó ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Íńdíà tí wọ́n ń pè ní Krishi Vigyan Kendra, tí èyí àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1974, máa ń gbé irúgbìn tuntun fún àgbẹ̀ kó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó gbìn bó ṣe ń gbìn tẹ́lẹ̀. Ẹ fi ẹ̀wà tiwa tí ẹ mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹgbẹ́ wa fẹ́ dá irú oko bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan ti ṣe é rí ládùúgbò wa, ẹ̀wà rẹ̀ dára gan-an, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó tẹ̀lé e. Kí ló fà á?
*Akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀, Ìgbàrá-Òkè*

Ìdáhùn: Ó jọ pé ọ̀nà tuntun nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí ti àtijọ́ tí ojú á fi rí ìyàtọ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ iye tí wọ́n ná. Àgbẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ̀ pé ẹ̀wà tí wọ́n fowó olówó tọ́ gbọ́dọ̀ dára.

Ẹ wọn ilẹ̀ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mítà 12 lóròó, mítà 12 níbùú. Ẹ fi mítà 2 la àárín wọn kí oògùn tí ẹ bá fín sí ọ̀kan má baà fẹ́ sí èkejì. Tí ẹ bá gbé tuntun síbi ààtàn àtijọ́, tí ẹ wá gbé èkejì sábẹ́ ìbòji kòkó, irọ́ lẹ ń pa fúnra yín.

Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ gbin méjèèjì. Lágbègbè Àkúrẹ́, ìparí oṣù kẹjọ sí ìdajì oṣù kẹsàn-án ló dára fún ẹ̀wà tó ń gbó láàrin ọjọ́ 65 sí 75. Èyí tí ẹ bá tètè gbìn á bá òjò pàdé nígbà ìkórè, á sì jẹrà nínú èèpo.

Lórí ilẹ̀ àtijọ́, kí olóko ṣe é bó ṣe ń ṣe é. Lórí tuntun, ìlà sí ìlà sẹ̀ǹtímítà 60, ihò sí ihò 20, hóró méjì nínú ihò kan. Ìdajì kílò irúgbìn tó o. Ẹ po ajílẹ̀ SSP (single superphosphate) kílò méjì àti ààbọ̀ mọ́ ilẹ̀ náà kí ẹ tó gbìn. Ẹ má fi yùríà kún un, ewé ni yóò kún, kò ní so.

Nígbà ìkórè, ẹ fo mítà kan sílẹ̀ yíká. Mítà 10 sí mítà 10 tó kù láàárín ni kí ẹ ká lọ́tọ̀, kí ẹ lù ú, kí ẹ sá a títí eyín á fi máa fọ́ ọ kó, kí ẹ tó gbé e sórí ìwọ̀n. Kóńgò kò ṣe é fọkàn tán. Iye kílò tí ẹ bá rí, lọ́nà 100, ni ti hẹ́kítà kan. Ká ní àtijọ́ fún yín ní kílò 5, tí tuntun fún yín ní 11: 500 àti 1,100 nìyẹn.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ kọ owó irúgbìn, ajílẹ̀, oògùn àti ti ẹni tó fín in sílẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ di kílò ẹ̀wà ní iye tí wọ́n ń rà á lọ́wọ́ yín lóko, kì í ṣe iye tí wọ́n ń tà á ní Ọjà Ọba. Bí ìnáwó tuntun lórí mítà 10 sí mítà 10 yẹn bá fi owó kílò 4 ju ti àtijọ́ lọ, nínú kílò 6 tó lé yẹn, kílò 2 péré lèrè. Ìyẹn làwọn ará àdúgbò ń dúró gbọ́. Ẹ ṣe é lóko mẹ́ta bó bá ṣeé ṣe. Ilẹ̀ kan ṣoṣo lè tanni jẹ.

Ìbéèrè: Mo fín oògùn nígbà tí ẹ̀wà mi tanná, síbẹ̀ òdòdó ń já bọ́.
*Abilékọ kan, Òǹdó*

Ìdáhùn: Ẹ pẹ́ kí ẹ tó fín in ni. Ẹ já ìrudi kan, ẹ gbọ̀n ọ́n sórí bébà funfun: ẹ ó rí kòkòrò dúdú wẹ́wẹ́ tó ń rìn. Inú ìrudi ló ti ń mu omi ara rẹ̀ kó tó di òdòdó. Nígbà tí ìrudi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, bí ọ̀sẹ̀ 5 lẹ́yìn tí ẹ gbìn ín, ni kí ẹ fín oògùn tó ní lambda-cyhalothrin. Ẹ tún un fín lẹ́yìn ọjọ́ 10. Bí ẹ bá rí ìdin tó fi òwú so òdòdó mọ́ èso, ẹ fín in lẹ́ẹ̀kẹta. Ìwọ̀n tó wà lára ìgò ni kí ẹ lò. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ó jẹ́, torí òdòdó ẹ̀wà ń là láàárọ̀, oyin a sì wà lórí rẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé oògùn apakòkòrò Sniper dára fún ẹ̀wà tí a fẹ́ tọ́jú di ìgbà tó bá wọ́n?
*Oníṣòwò ẹ̀wà, Àkúrẹ́*

Ìdáhùn: Ẹ má dán an wò, májèlé ni. NAFDAC ti fòfin de ìgò kékeré rẹ̀ láti 2019. Àpò PICS ni kí ẹ rà: ọ̀rá méjì nínú àpò kan. Ẹ kó ẹ̀wà tó gbẹ dáadáa sínú rẹ̀, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, ẹ di ẹnu ìkọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Àìsí afẹ́fẹ́ ló ń pa kòkòrò tó ti inú oko bá a wọlé. Kí ẹ tó kó o sí i, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀rá, ẹ di ẹnu rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ń jò, kò wúlò mọ́.