Mítà tí kò wọ́n fún iṣẹ́ ríwáyà mọ́tò

Àbúrò, o ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fírídọ́ọ̀mù lẹ́nu iṣẹ́ ríwáyà, o wá ń wá mítà tí wàá máa fi wọn iná mọ́tò, tí owó ẹ̀ ò ní ga jù. Má lọ yáwó. Mítà yẹ́lò kékeré tí wọ́n kọ DT830 sí lára, tó kún iwájú àwọn tó ń ta irinṣẹ́ l'Ádó níbí, òun lèmi náà fi ń jẹun láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Lọ́pọ̀ ìgbà, fóòtì ni à ń wọ̀n. Bátìrì tó kún, tó sì ti sinmi, 12.6 ló yẹ kó fún ọ. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, kó gòkè sí bíi 13.8 sí 14.5. Tó bá dúró sórí 12.3, alternator ò ṣáàjì bátìrì nìyẹn.

Wọ́n gbé Corolla kan wá bá mi láti Ìkẹ́rẹ́. Tí wọ́n bá ti tá a, "kẹ́, kẹ́" ló ń ṣe. Ẹni tó kọ́kọ́ wò ó ti ní kí wọ́n ra bátìrì tuntun, ó tún ní kí wọ́n pààrọ̀ kíkì, ìyẹn mọ́tò kékeré tó máa ń yí ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ra méjèèjì, pàbó. Mo fi wáyà dúdú mítà kan orí négátíìfù bátìrì, mo fi pupa kan ara ẹ́ńjìnnì gan-an, mo ní kí onímọ́tò tá a. Fóòtì 1.1! Ibẹ̀ ò sì yẹ kó ju 0.2 lọ. Mo tú bóòtù wáyà earth, èyí tó so négátíìfù bátìrì mọ́ ẹ́ńjìnnì, ìpẹtà ti bo gbogbo ojú ẹ̀. Mo fi pépà-iyanrìn ha á títí irin fi ń dán, mo dì í padà: 0.1. Ó gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Owó mítà tó sọ ìyẹn fún mi ò súnmọ́ ti bátìrì tí wọ́n rà.

Kó o tó sanwó, yí mítà sí ohms 200, ojú tó ń wọn bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́nà tó, kó o fi ẹnu wáyà ẹ̀ méjèèjì kan ara wọn. Tó bá ju 1 lọ, tàbí tí nọ́mbà ń fò bó o ṣe ń mi wáyà, dá a padà fún ọlọ́jà. Èyí tó ń dún tí wáyà ò bá já níbì kankan ni kó o mú.

Ihò 10A tó wà lára mítà ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn ò ní fúùsì níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi kan gbàgbé wáyà síbẹ̀, ó lọ wọn bátìrì. Ẹnu wáyà yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Iná kíkì ò sì ṣeé fi gba inú mítà kékeré kọjá rárá, clamp, mítà tí a ń fi ẹnu ẹ̀ há wáyà, ló ń ṣe ìyẹn. Tó o bá fẹ́ rà á, rí i dájú pé ó ń wọn ámpíà DC, ìyẹn iná bátìrì. Àwọn tó pọ́ọ́kú, ti iná NEPA nìkan ni wọ́n mọ̀. Lórí wáyà bátìrì, òdo ni wọ́n máa fi hàn ọ́.

Jọ̀ọ́, má fi tẹ́sítà onígílóòbù wá iná lára wáyà brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà mọ́tò. Mítà ni kó o lò.

Bátìrì 9V inú mítà náà, tó bá ti ń kú, á máa purọ́ sókè. Tó o bá rí 15 lórí bátìrì mọ́tò tó wà ní pípa, ti mítà ni kó o kọ́kọ́ pààrọ̀.