Nígbà tí kò sẹ́ni tó ń yẹ ọkọ̀ wò lójú òkun Líbíà

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní kí wọ́n kúkú dáwọ́ àyẹ̀wò ọkọ̀ dúró lójú òkun Líbíà, èyí tí wọ́n fi ń wá ohun ìjà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, pé ó kàn ń fi àkókò oníṣòwò ṣòfò ni. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ìdí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù ni mo ti ń jẹun, àwọn ọmọ ogun ojú omi sì ti gun ọkọ̀ wa rí. Wọ́n kó wa jọ síbi ìjẹun, wọ́n ń ṣí kọ̀ǹténà lọ́kọ̀ọ̀kan. Odidi ọjọ́ kan lọ. Mo ṣépè títí ó fi sú mi.

Ní ìparí oṣù kẹta 2019, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kó ọkọ̀ ogun kúrò nínú iṣẹ́ ìṣọ́ ojú òkun náà tí wọ́n ń pè ní Sophia, torí Ítálì ò fẹ́ gba àwọn aṣíkiri tí wọ́n ń yọ nínú omi sí èbúté rẹ̀ mọ́. Bàálù nìkan ló kù. Bàálù ò sì lè ṣí kọ̀ǹténà. Ní oṣù kẹrin, Haftar, ọ̀gágun tó di ìlà-oòrùn Líbíà mú, kọjú ogun sí ìjọba tó wà ní Tripoli, olú ìlú. N ò ní ìyẹn ló fà á o, ogun rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́.

Ọjọ́ 18 oṣù kejì 2020 ló là mí lójú. A ti ju ìdákọ̀ró síta, à ń retí àyè ní èbúté Tripoli, nígbà tí ọta àgbá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ síbẹ̀. Ọkọ̀ agbépo ń sá jáde, ọ̀gá wa ń kígbe kí n tan ẹ́ńjìnnì. Àwọn ọmọ ogun Haftar ní ọkọ̀ Tọ́kì tó kó ohun ìjà wá fún ìjọba Tripoli làwọn ń lé. Ta ni yóò jẹ́rìí sí i, nígbà tí kò sẹ́ni tó wo inú ọkọ̀ kankan? Bí ẹni tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni ò bá yẹ ẹrù wò, ẹni tó ń jagun á fi àgbá yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́jọ́ náà gan-an nìjọba Tripoli dá ìjíròrò ìdáwọ́ ogun dúró tó ń lọ ní Geneva dúró.

Nígbà tí Irini, iṣẹ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi rọ́pò Sophia, fi máa bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù kẹta, ọkọ̀ ogun Tọ́kì ti ń sin ọkọ̀ ẹrù. Ní oṣù kẹfà, wọn ò jẹ́ kí ọkọ̀ ogun Gíríìsì tó ń bá Irini ṣiṣẹ́ sún mọ́ ọkọ̀ ẹrù kan tó ń jẹ́ Çirkin. Ọkọ̀ kan náà ló dájà sílẹ̀ láàárín Tọ́kì àti Faransé, tí Faransé fi yọwọ́ nínú iṣẹ́ NATO, ẹgbẹ́ ológun tí àwọn méjèèjì jọ wà, lójú òkun náà. Ní oṣù kọkànlá, àwọn ọmọ ogun Jámánì tó wà nínú iṣẹ́ Irini gun Roseline A, ọkọ̀ ẹrù Tọ́kì, Tọ́kì ní òun ò fún wọn láṣẹ, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ NATO ni gbogbo wọn, ẹ jọ̀ọ́!

Wọ́n tún dá ọkọ̀ wa dúró lọ́dún 2021. Kí wọ́n tó béèrè ni mo ti na ìwé mi sí wọn.