Ìyá Nọ́ọ̀sì, ṣé orin lè ṣe ọmọ mi tí oṣù rẹ̀ kò pé lóore?

Ìbéèrè: Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Télọ̀ ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Oyún mi wà ní ọ̀sẹ̀ 30 nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru gbé mi dé tábìlì iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì gbé ọmọ mi ọkùnrin jáde. Kílò 1.3 ni. Ó ti lo ọjọ́ 11 báyìí nínú gíláàsì tí wọ́n fi ń mú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé móoru. Bí ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ti ké, àyà mi á já, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n. Oorun ò kun mi mọ́, omi ọyàn náà kò fẹ́ jáde. Ìyá ọkọ mi ní kí n máa kọrin fún un. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n gbé fóònù tì í, kí n tan orin sí i. Èmi ò mọ orin kọ, bí mo bá sì ti la ẹnu, ẹkún ló ń jáde. Ṣé orin ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àbí wọ́n kàn fẹ́ kí n gbàgbé ẹkún ni?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, kú ewu ọmọ, kú ìrọ́jú. Orin ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò. Kì í mú ẹ̀dọ̀fóró gbó. Kò lè gba ipò omi ọyàn, kò sì lè gba ipò oògùn. Ara ló ń bá wọn dẹ̀, ti ọmọ àti ti ìyá.

Ní 2013, Joanne Loewy, tó ń fi orin ṣe ìtọ́jú aláìsàn, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde. Ọmọ 272 tí oṣù wọn kò pé ni wọ́n yẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn 11 ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kí àwọn òbí fúnra wọn mú orin wá láti ilé, ìbáà jẹ́ orin ijó, wọ́n wá rọ̀ ọ́ di orin ìrẹmọlẹ́kún, wọ́n sì ń fi ohùn ẹnu kọ ọ́ fún ọmọ lójúkojú. Ọkàn àwọn ọmọ yẹn kò sáré tó ti tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù àwọn òbí náà dínkù. Ní 2014, àwọn oníṣègùn kan ní Ísírẹ́lì fi àwọn ìyá tó gbé ọmọ lé àyà lásán wé àwọn tó gbé e lé àyà tí wọ́n sì ń kọrin. Àwọn tó ń kọrin ni ọkàn wọn balẹ̀ jù. Ìwọ náà rí i pé kò sí fóònù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

O ní o ò mọ orin kọ. Jẹ́ kí n sọ ti obìnrin kan fún ọ. Ọdún 31 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kí n tó fẹ̀yìn tì sí Ìkẹ́nnẹ́. Lọ́dún kan, ìyá kan wà ní wọ́ọ̀dù wa, àgbàdo sísè ló ń kiri tà. Ọmọ rẹ̀ kò ju ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ. Mo ní kó kọrin, ó ní òun ò mọ ọ̀kankan, kódà ti ṣọ́ọ̀ṣì ń dà rú mọ́ òun lẹ́nu. Mo ní, "Kí lo máa ń ké bí o bá ń kiri?" Ó rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín rẹ̀ nìyẹn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún lábẹ́ imú, jẹ́jẹ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí oorun ń kùn: "Láńgbé jinná o, ọ̀rọ̀kún orí ebè…" Ọmọ ń bẹ láyà rẹ̀ lábẹ́ ìró. Ọkàn ọmọ náà, tó ti ń lù ní nǹkan bí 180 ní ìṣẹ́jú kan, rọra sọ̀ kalẹ̀ sí 150 àti díẹ̀. Mi ò ní pa irọ́ fún ọ pé ìpolówó àgbàdo nìkan ló ṣe é. Àyà ìyá rẹ̀ gbóná, ìyá náà sì ti yéé gbọ̀n.

Nítorí náà, orin tìrẹ lè jẹ́ ohun tí o máa ń kùn bí o bá ń wa máṣíìnì. Ó sì lè jẹ́ oríkì. Bí ìyá ọkọ rẹ bá ń pè é ní Àjàní ọmọ alárè, gbà á lẹ́nu rẹ̀, kí o máa rọra pè é. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 25 ni ọmọ inú ti ń gbọ́ ohùn, kò ní ka tìrẹ sí ohùn àlejò.

Bi àwọn nọ́ọ̀sì bóyá ó ti ṣeé gbé lé àyà. Káńgárù ni wọ́n ń pè é. Ní Bogotá, olú ìlú Kòlóńbíà, ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1978, nígbà tí gíláàsì kò tó. Láti 2022 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n má fi falẹ̀ mọ́, kó tó wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, ó kéré tán. Kí ohùn rẹ má ga ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àṣírí. Máa wo ọwọ́ rẹ̀: bí ó bá ya àwọn ìka rẹ̀ síta gbayawu, tó ń yán, tó ń ṣe òsúkè, tàbí tó yí ojú kúrò, ó ti tó o. Dákẹ́, kí o kàn gbé e mọ́ra.

Ní ti ẹ̀rọ tó ń ké, ní kí nọ́ọ̀sì fi ìtumọ̀ igbe kọ̀ọ̀kan hàn ọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, okùn tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ ló kàn yọ̀.

Bí ẹkún bá sì borí orin, má dá ara rẹ lẹ́bi. Ní 2023, àbọ̀ ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè márùn-ún jáde, Nọ́wè àti Kòlóńbíà wà lára wọn. Wọn ò rí i pé orin mú kí ìyá sún mọ́ ọmọ ju bí àwọn tí kò kọrin ṣe sún mọ́ tiwọn lọ. Inú àwọn kan bà jẹ́ sí i, inú tèmi dùn. Ìyá tí kò lè kọrin ò pàdánù ọmọ rẹ̀. Àmọ́ bí àìsùn àti àyà jíjá yìí bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, sọ fún dókítà pé ti ìwọ fúnra rẹ lo bá wá.

Ìbéèrè: Èmi bàbá àgbà kan ní Ṣágámù ni. Mo ti ra sípíkà kékeré kan. Ṣé mo lè gbé e sínú gíláàsì ọmọ-ọmọ mi, kó máa gbọ́ sákárà?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ. Láti 1997 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ti ní kí ariwo ibi tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà má ju dẹ́síbẹ́lì 45 lọ. Bí èmi àti ẹ̀yin bá jókòó tí a ń tàkúrọ̀sọ, ó tó 60. Inú gíláàsì yẹn dà bí inú agbè, gbogbo nǹkan ló ń dún padà níbẹ̀. Kódà bí èèyàn bá fi ìka kàn án lórí, ọmọ á ta gìrì. Ẹ kọ́ ìyá ọmọ ní ẹsẹ kan péré, kó máa kùn ún sí i létí. Kẹ́ ẹ sì rọra kọ́ ọ o, mo mọ bí ohùn ẹ̀yin onísákárà ṣe máa ń gòkè.