Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ẹ Fẹsẹ̀ Tọ Omi Lọ, Kí Ẹ Wọkọ̀ Ojú Irin Bọ̀

Ìbéèrè: Ọmọ wa ń kàwé ní Birmingham, èmi àti ìyá rẹ̀ fẹ́ lọ kí i. Owó kòkó la fi rán an. Mo fẹ́ fojú rí ibi tí wọ́n ti ń sọ kòkó di ṣokoléètì, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ọmọ máa náwó táksì nítorí wa. Ọ̀nà wo ni ká gbà? (Àgbẹ̀ oníkòkó, ojú ọ̀nà Ìdànrè, Àkúrẹ́)

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú ìmúra ìrìn àjò o. Ẹ ò nílò táksì rárá. Ẹ̀bá kánàlì ni kí ẹ tọ̀ lọ, ìyẹn odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ láti máa fi kó ẹrù. (Kì í ṣe gọ́tà ńlá tí wọ́n ń pè ní kánàlì l'Ékòó o. Ọkọ̀ ń gba inú eléyìí, pẹ́pẹ́yẹ sì ń wẹ̀ nínú rẹ̀.)

Láti ibùdókọ̀ New Street, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ẹsẹ̀ dé Gas Street Basin, níbi tí àwọn ọkọ̀ gbọọrọ máa ń so sí. Ẹ wo odi tẹ́ẹ́rẹ́ tó dá omi ibẹ̀ sí méjì. Ìbú rẹ̀ tó bí ẹsẹ̀ bàtà méje. Kánàlì ilé-iṣẹ́ méjì ló pàdé níbẹ̀; èyí tó kọ́kọ́ débẹ̀ ń bẹ̀rù pé èkejì yóò fa omi òun lọ, ló bá fi odi dí i. Fún bí ogún ọdún, ṣe ni àwọn alábàárù ń gbé ẹrù kọjá lórí odi yẹn láti inú ọkọ̀ kan sínú èkejì. Ọdún 1815 ni wọ́n tó lu ọ̀nà sí i.

Bridge Street, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ náà, ni Cadbury, ilé-iṣẹ́ tó ń sọ kòkó di ṣokoléètì, wà kó tó kó lọ sí àdúgbò Bournville ní 1879. Ipasẹ̀ wọn ni ẹ óò máa tọ̀. Ẹ gba ẹ̀bá kánàlì tó lọ sí ìlú Worcester. Omi yóò ṣẹ́kọ́ sí ọ̀tún nítòsí ilé ìtajà ńlá Mailbox, lẹ́yìn náà ni ẹ óò gba inú ihò abẹ́ ilẹ̀ Edgbaston, tí kò tó ọgọ́rùn-ún mítà, tó sì ní ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ojú irin yóò máa bá yín rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ó bá rẹ Màmá, ẹ yà sí ibùdókọ̀ University tàbí Selly Oak. Bí kò bá rẹ̀ wọ́n, bíi máìlì mẹ́rin ló dé Bournville. Kò sí òkè kankan. Fún àgbà, kò yẹ kó ju wákàtí méjì lọ.

Ní Bournville, ẹ óò rí ìdí tí wọ́n fi yan ibẹ̀: omi wà ní ẹ̀gbẹ́, ojú irin wà ní ẹ̀gbẹ́, ẹrù lè gba èyí tó bá wù ú wọlé. George Cadbury kọ́ ilé olọ́gbà síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹlẹ́sìn Quaker ni, kò fàyè gba ilé ọtí. Cadbury World ni wọ́n ń gba owó láti wọ̀. Ẹ sanwó sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibi ìran ni o, kì í ṣe inú ilé-iṣẹ́ gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń sá kòkó láti kékeré, bóyá rírìn yí ìta ká lásán máa dùn mọ́ yín jù. Ẹ wọkọ̀ ojú irin padà sí New Street.

Ìbéèrè: Ìlú London ni a óò ti wá. Tíkẹ́ẹ̀tì wo ló dára? (Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Oǹdó)

Ìdáhùn: Láti ibùdókọ̀ Euston ní London, New Street ni ọkọ̀ ń já sí, èyí tó yá jù ń lo bíi wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú. Láti Marylebone, ibùdókọ̀ London mìíràn, Moor Street ní Birmingham náà ni. Ó ń sún mọ́ wákàtí méjì, àmọ́ ó sábà máa ń dínwó. Tíkẹ́ẹ̀tì Advance, èyí tí wọ́n ń rà sílẹ̀ ṣáájú, ló pọ́ọ́kú jù, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà fún. Bí ẹ bá pẹ́ tí ọkọ̀ lọ, owó ti wọlẹ̀ nìyẹn. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá dárúkọ ilé-iṣẹ́ kan tó sì fi "only" tì í, ẹ má wọ ti ẹlòmíràn. Ẹni tó ti pé ọgọ́ta ọdún lè fi pásípọ́ọ̀tù ra Senior Railcard, káàdì àgbàlagbà tó ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú owó ọkọ̀.

Ní New Street, plátífọ́ọ̀mù máa ń ní A àti B, bíi 7A àti 7B. Ilẹ̀ kan náà ni, ìdí méjì. Ọkọ̀ méjì lè dúró síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ibi tí wọ́n ń lọ má dọ́gba. Ẹ ka lẹ́tà yẹn kí ẹ tó wọlé.

Ìbéèrè: Ṣé a lè yá ọkọ̀ ojú omi wà fúnra wa? (Akẹ́kọ̀ọ́, FUTA)

Ìdáhùn: Ẹni tó yá ọkọ̀ fún ọjọ́ kan kò nílò láìsẹ́ǹsì. Eré rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju máìlì mẹ́rin láàrin wákàtí kan. Bí o bá ti igi ìtukọ̀ sósì, ọ̀tún ni imú ọkọ̀ ń yà sí. Ìdí ọkọ̀ náà ń fì, nítorí náà má yà nítòsí odi.

Lọ́ọ̀kì ló ń dá àlejò lágara. Yàrá omi ni, ilẹ̀kùn lókè, ilẹ̀kùn nísàlẹ̀, òun ni ọkọ̀ fi ń gun òkè tó sì fi ń sọ̀ kalẹ̀. Ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méje, ti ọkọ̀ jẹ́ mẹ́fà àti ìǹṣì mẹ́wàá. Ṣírò àyè tó kù! Bí o bá ń sọ̀ kalẹ̀, wọlé, ti ilẹ̀kùn òkè, kí o sì rí i pé ìdí ọkọ̀ ti kọjá ìlà funfun ara ògiri: òkúta wà lábẹ́ omi lẹ́yìn rẹ̀, bí ìdí ọkọ̀ bá kọ́ ọ, omi á sá lọ, ọkọ̀ á dojú dé. Lẹ́yìn náà, fi irin tó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́ yí ihò omi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Di okùn mú, má so ó mọ́ òpó, kí ọkọ̀ má baà rọ̀ sókè. Ilẹ̀kùn kò ní ṣí títí omi méjèèjì yóò fi dọ́gba. Kò sí agbára tó lè fipá ṣí i.

Farmers' Bridge ní lọ́ọ̀kì mẹ́tàlá tò tẹ̀ léra wọn láàrin ìlú. Fún ẹni àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ ni mo máa ní kó fi wò ó. Bí o bá dé abẹ́ afárá àtijọ́, fọwọ́ pa irin igun rẹ̀: wàá bá ojú ìlà jíjìn níbẹ̀. Okùn àwọn ẹṣin tó ń fa ọkọ̀ ló gé e.