Mo ní àtọ̀gbẹ: ṣé mo lè gba ààwẹ̀ Lẹ́ńtì láìmu omi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ẹni ọdún 53 ni mí, ọmọ ìjọ Àgùdà sì ni mí. Àtọ̀gbẹ wà lára mi, metformin àti glibenclamide ni mò ń lò. Ẹgbẹ́ àdúrà wa fẹ́ gba ààwẹ̀ Lẹ́ńtì fún 40 ọjọ́, láti àárọ̀ di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, láìfi omi kan ẹnu. Olórí wa ní ẹni tó bá mu omi ti ba ààwẹ̀ jẹ́. Lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ kẹta ni ojú mi ṣú, mo ṣubú sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Mi ò sì fẹ́ kí wọ́n máa wò mí bí aláìgbàgbọ́. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ewu. Ìṣubú yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí òun ló bà mí lẹ́rù jù.

Tí a ò bá jẹun, ẹ̀dọ̀ a máa tú ṣúgà tó ti fi pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìyá tó ń ṣọ́ gààrí bù nínú garawa kí ọjọ́ ọjà tó pé. Ohun tí ara tó le fi ń dé ìrọ̀lẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n glibenclamide kì í béèrè bóyá ẹ ti jẹun. Ó ṣáà ń mú kí ara tú ínsúlíìnì jáde ni, ìyẹn á sì máa gbá ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí òmíràn ò wọlé. Ibẹ̀ ni ọwọ́ gbígbọ̀n, òógùn tútù àti ojú ṣíṣú ti ń wá. (Metformin nìkan kì í sábà fa èyí.) Tí ẹ bá tún rí irú àmì bẹ́ẹ̀, tàbí tí ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wọn ṣúgà bá já sí ìsàlẹ̀ 70 (mg/dL), tàbí 3.9 lórí ẹ̀rọ tó ń lo òǹkà mmol/L, ààwẹ̀ ọjọ́ yẹn ti parí. Ẹ po ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́ta tàbí mẹ́rin sómi, ẹ mu ún kíá, ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì jẹun. Ẹ má sì torí ààwẹ̀ dá oògùn dúró fúnra yín o. Dókítà tó ń tọ́jú yín ló ni ìyẹn.

Ní ti omi, ẹrù tí Ìjọ ò dì ni olórí yín gbé lé yín lórí. Nínú òfin Ìjọ, ọjọ́ méjì péré ni ààwẹ̀ jẹ́ dandan lọ́dún: Ọjọ́rú Eérú àti Ọjọ́ Ẹtì Rere. Ẹni ọdún 18 títí di ẹni ọdún 59 ló dè. Ẹ ó jẹ oúnjẹ kan ní àjẹyó, ẹ sì lè fi ìpanu kéékèèké méjì tí àpapọ̀ wọn ò tó oúnjẹ kan kún un. Omi ò bà á jẹ́, oògùn náà ò bà á jẹ́. Aláìsàn tí ààwẹ̀ lè pa lára ò sí nínú rẹ̀ rárá. Ọjọ́ Ìsinmi kì í tilẹ̀ sí lára 40 ọjọ́ náà.

Mo fura ibi tí ọ̀rọ̀ omi ti wá. Láyé àwọn ìyá wa, ẹni tó bá fẹ́ gba Ara Olúwa ò gbọ́dọ̀ fi nǹkan kan ẹnu láti ọ̀gànjọ́ òru, títí kan omi. Lọ́dún 1953 ni Póòpù Pius Kejìlá ní omi ò ba ìyẹn jẹ́ mọ́. Lónìí, wákàtí kan ṣáájú ló kù. A sì ń gbé láàárín àwọn Mùsùlùmí tí kì í mu omi nínú ààwẹ̀ tiwọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn náà yọ aláìsàn sílẹ̀.

Ṣé kò wá sí ààwẹ̀ fún yín mọ́ ni? Ó wà. Thomas Aquinas Mímọ́, olùkọ́ ńlá nínú Ìjọ láyé àtijọ́, ka ìdí mẹ́ta tí a fi ń gbààwẹ̀: láti kó ara níjàánu, láti jẹ́ kí ọkàn fúyẹ́ kó lè ronú nípa Ọlọ́run, àti láti fi ṣe ètùtù ẹ̀ṣẹ̀. Kò sí ìṣubú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ jẹun lásìkò tí oògùn yín fẹ́, ṣùgbọ́n kí oúnjẹ náà má dùn jù: ẹ̀wà tí kò ní ẹja, ẹ̀kọ tí kò ní àkàrà. Ẹ yẹra fún ẹran lọ́jọ́ Ẹtì. (Ẹni tó yẹra fún ẹran tó wá lọ jókòó ti ọbẹ̀ ata ẹja àrọ̀ olówó iyebíye, ọ̀rọ̀ òun àti Ọlọ́run ni.) Owó ẹran yẹn, ẹ fún ẹni tí ebi ń pa, Aísáyà orí 58 ò fi ìyẹn pamọ́. Orí kan náà ló bá àwọn tó ń gbààwẹ̀ tí wọ́n tún ń jà wí. Nínú ilé tí ebi ti ń mú kí ìyá máa jágbe mọ́ ọmọ, èmi ò rí àǹfààní tí ààwẹ̀ náà ń ṣe.

Ẹ lọ bá Fádà yín kí Lẹ́ńtì tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sọ àìsàn yín. Ó ní àṣẹ láti fi iṣẹ́ àánú tàbí àdúrà rọ́pò ààwẹ̀ fún yín. Tí ẹ bá ti gbọ́ tẹnu rẹ̀, ẹ jẹ́ kí olórí ẹgbẹ́ náà gbọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí ẹ bá ń lọ síbi Ọ̀nà Àgbélébùú, níbi tí ẹ ó ti máa kúnlẹ̀ tí ẹ ó máa dìde, ẹ fi ṣúgà díẹ̀ àti omi sínú báàgì yín.