Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Fèrè àti Kọ̀ǹpútà Lórí Ìtàgé Kan Náà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ orin fún flute àti kọ̀ǹpútà. Gbọ̀ngàn kan ní Onikan la ti fẹ́ ṣe é. Nígbà tí a dán an wò, ohùn tí kọ̀ǹpútà ń dá padà ń pẹ́ lẹ́yìn fèrè, sípíkà sì ń súfèé. Nígbà tí iná tún lọ tó padà dé, ohùn tí mo ti gbà sílẹ̀ kò bá fèrè mu mọ́. Kí ni ká ṣe? (Òǹkàwé, Yaba)

ÌDÁHÙN: Buffer size, ìyẹn iye ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó ṣiṣẹ́ lé e lórí, ló ń fa pípẹ́ yẹn. Bó bá wà ní 1024 sample (ègé ohùn kéékèèké), tí ẹ̀rọ ń ka 48,000 sample ní sẹ́kọ́ǹdì kan, ohùn á dúró fún mílísẹ́kọ́ǹdì 21 kó tó wọlé, á tún dúró bẹ́ẹ̀ kó tó jáde. Ẹ sọ ọ́ di 128, kò ní tó 3 ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Bí ohùn bá ń ta pàrà-pàrà, kọ̀ǹpútà ni kò ráyè ṣe ìṣirò rẹ̀ tán. Ẹ pa Wi-Fi. Bí kò bá tán, ẹ gbé e dé 256.

Ní ti sípíkà, ohùn rẹ̀ ló ń wọ máíkù padà. Ẹ lo máíkù cardioid, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí sípíkà wà níwájú afunfèrè, kí ẹ̀yìn máíkù kọjú sí i. Ẹ gbé máíkù sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí ẹnu fèrè, kó ga díẹ̀ kí èémí má baà lù ú.

Ìkẹta ló ṣòro jù. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ amúlétutù á kú, gbọ̀ngàn á gbóná, ohùn fèrè á sì gòkè. Ká ní a pín àlàfo kọ́kọ́rọ́ dùùrù méjì tó tẹ̀lé ara wọn sí 100, fèrè lè fi 3 gòkè fún ìwọ̀n Celsius kọ̀ọ̀kan. Ooru ìwọ̀n 5 á mú 15 wá, etí á sì gbọ́ ọ. Èyí tí kọ̀ǹpútà ń ṣe látinú fèrè lójú ẹsẹ̀ á bá a gòkè. Èyí tí ẹ ti gbà sílẹ̀ kò mọ̀ pé ooru mú. Nínú Pure Data, ètò kọ̀ǹpútà fún orin tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ ṣe slider kan (ohun tí ẹ lè fà sókè-sódò) tí yóò máa darí ìyára ohùn náà: 1.0087 ló bá 15 mu.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ohùn yẹn sínú fáìlì gígùn kan ṣoṣo, ẹ gé e sí abala-abala. Nínú Kontakte, orin tí Stockhausen, akọrin-sílẹ̀ ọmọ Germany, parí ní 1960, téèpù kì í dúró de ẹnikẹ́ni, olórin ló ń bá a lọ. Ṣùgbọ́n nínú NoaNoa, orin fèrè àti ẹ̀rọ tí Kaija Saariaho, ọmọ Finland, kọ ní 1992, afunfèrè fúnra rẹ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì láti pe ohùn ẹ̀rọ jáde. Ọ̀nà yìí ló yẹ Èkó, a ò níyèméjì rárá. Bí iná bá lọ ní abala keje, abala keje lẹ ó ti tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ra interface (ẹ̀rọ tó so máíkù àti sípíkà mọ́ kọ̀ǹpútà) tó ń gba iná látinú kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ní bátìrì, sípíkà nìkan ni yóò kú bí wọ́n bá ń yí sórí jẹnẹrétọ̀. Ẹ yí ohùn sípíkà wálẹ̀ pátápátá kí iná tó dé, kó má baà dún gbàù.